Ìlà Pupa Lórí Máàpù Ọ̀nà Oníṣin

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo ṣáájú ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa, láti lọ ka ẹ̀sùn sí ọmọ kan lẹ́sẹ̀, ọmọ tí èmi fúnra mi kọ́ ní ìwé kíkà. Kò tíì pẹ́ púpọ̀. Àwọn tí a jọ rìn lọ́jọ́ náà ṣì wà láàyè, páálí tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ̀wé sí sì ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń wá bá mi, ìjà ẹgbẹ́ olùkọ́ lẹ máa ń fẹ́ gbọ́: bí a ṣe jókòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn ọ̀gá ní Òṣogbo nígbà tí èmi jẹ́ akọ̀wé ẹ̀ka wa, tí òòrùn pa wá, tí òjò pa wá, tí a kò sì dìde. Mo ti sọ ìyẹn fún yín títí ó fi sú àwọn ọmọ mi. Ìwọ́de tí n kò sọ fún yín rí ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín, nítorí òun ni mo kọ́ ẹ̀kọ́ jù lára rẹ̀.

Ìlobù ni wọ́n bí mi sí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìfọ́n kí wọ́n tó gbé mi padà sílé. Ẹni tó bá mọ ìlú méjèèjì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàrin wa tipẹ́tipẹ́, àti pé àwọn tó jọ ń ná ọjà kan náà lè máa wo ara wọn tìfura-tìfura. Bí ẹ bá ń retí pé kí n sọ ẹni tó ni ilẹ̀, ẹ dá ìwé yìí dúró níbí. Iṣẹ́ mi kọ́ nìyẹn. Ohun tí mo rí àti ohun tí mo ṣe nìkan ni màá sọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a ń rí àwọn ọmọ kan tí wọ́n ń rìn kiri pẹ̀lú fóònù. Wọn kò ta nǹkan, wọn kò wàásù. Wọn á dúró níwájú ilé kan, wọn á tẹ fóònù, wọn á tún rìn síwájú. Wọ́n á bi àwọn ènìyàn pé kí ni orúkọ àdúgbò yìí, kànga yìí ha ń sun omi lọ́dún yípo bí? Kò pẹ́ tí ìlú fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní wọ́n ń wọn ilẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Àwọn kan ní àwọn ajínigbé ló rán wọn. Èyí tó wá gbilẹ̀ jù ni pé Ìfọ́n ló rán wọn.

Olórí wọn, Rónkẹ́, ọmọ Ìfọ́n ni lóòótọ́. Ó ti wà ní kíláàsì mi láti ìwé kìíní dé ìwé kẹta. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ó ti di tíṣà ní ilé-ìwé aládàáni kan nílùú wa, àárọ̀ ló máa ń gun ọ̀kadà wá láti Ìfọ́n, ọ̀sán ló máa ń padà. Ní ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi.

“Ẹ kú ilé, mà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara yín le, mà?”

“Dìde, Rónkẹ́. Ara le. Kí lẹ̀ ń fi fóònù wá kiri? Àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ yín o.”

“Máàpù la ń yà, mà.”

“Fún ta ni?”

“Fún gbogbo ènìyàn, mà.”

“Gbogbo ènìyàn kì í ṣe orúkọ ẹnì kankan. Mo ní ta ló rán yín.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Mà, ẹ ò tíì yí padà rárá. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń béèrè ìṣirò lọ́wọ́ wa.”

Ó jókòó, ó ṣàlàyé. Máàpù àjọyà ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ti ìjọba, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ àdúgbò rẹ̀ lè fi ilé, ọ̀nà àti kànga tó wà níbẹ̀ sí i, ẹlòmíràn sì lè tún un ṣe bí ó bá rí àṣìṣe. Ó ṣí i fún mi wò. Mo rí Ìlobù, mo rí Ìfọ́n, mo rí títì tó so wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òfìfo ni, bí ìgbà tí kò sí ẹni tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa.

“Bí obìnrin bá ń rọbí ní abúlé Oníṣin báyìí, mà, ẹni tó fẹ́ gbé ọkọ̀ wá kò ní mọ ibi tí yóò gbà.”

“Èló ni wọ́n ń san fún yín?”

“Kò sí owó níbẹ̀, mà. Ọ̀fẹ́ ni. Áàpù tí a fi ń ṣe é gan-an, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ṣe é kò ti inú rẹ̀ pa. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà lè wo bí wọ́n ṣe tò ó, kó sì bá wọn tún un ṣe.”

Ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yìí ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà nínú ẹgbẹ́, mi ò rí ẹni tó gbé nǹkan ọ̀fẹ́ wá tí kò padà wá gba nǹkan lọ. Mo wo Rónkẹ́ dáadáa. Mo rò ó pé ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n wọ́n lè máa lo ọmọ dáadáa láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Ohun tó bá wá ni ọ̀nà oko tó lọ sí Oníṣin. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, ọ̀nà yẹn ni mo máa ń fi ẹsẹ̀ gbà lọ kọ́ni ní Ìfọ́n, nítorí náà ó ní kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó mi. Mo gbà, kí n lè fi ojú ara mi rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó gbé áàpù náà sórí fóònù tèmi, ó ní kí n mú orúkọ kan. Mo ní kó kọ “Tíṣà Ìlobù”.

“Ẹ tẹ ibí bí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀, mà. Ẹ tẹ ọ̀hún bí ẹ bá parí. Bí ẹ bá wá ní kó lọ, ó ti lọ nìyẹn. Orúkọ yín ni yóò máa wà lára ìlà náà.”

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré mi, kí n má baà gbàgbé.

Àárọ̀ Sátidé ni mo gbéra láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo tẹ ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀, mo sì fi fóònù sínú báàgì mi. N kò tíì rìn jìnnà tí Bàbá Jímọ̀ fi rí mi láti inú oko rẹ̀. Àgbẹ̀ ni, ará Ìlobù, ojúlówó ènìyàn.

“Màmá Tíṣà! Ṣé ẹ fẹ́ kọjá mi báyìí ni? Kí ni mo fi ṣe yín?”

Mo yà. Ó ní dandan ni kí n rí kajú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. A rìn gba ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀, ó ń fi igi kọ̀ọ̀kan hàn mí bí ẹni ń fi ọmọ hàn, kí a tó tún já sí ojú ọ̀nà lápá iwájú. Nígbà tí mo rìn síwájú, mo tún yà sí apá kejì, sílé Ìyá Sàláwà, obìnrin Ìfọ́n tí ọkọ rẹ̀ kú láìpẹ́ sí ìgbà náà. Mo kí i kú àjálù. Ó mú mi lọ sẹ́yìnkùlé láti jókòó díẹ̀, ẹ̀yìnkùlé yẹn náà ni mo sì gbà jáde. Lẹ́yìn náà ni mo dé kànga Oníṣin. Mo wo inú ìwé kékeré mi, mo tẹ ibi tó yẹ, mo ní kó lọ.

Mo pe Rónkẹ́. “Mo ti rìn ín tán.”

“Ẹ ṣeun gan-an, mà! Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí yín.”

N kò sọ pé mo yà síbì kankan. Kò wá sí mi lọ́kàn. Bí ẹ bá bi ará ibí pé ọ̀nà wo ló gbà dé oko, kò ní ka ìkíni mọ́ ìrìn. A kì í rò pé a ti yà nígbà tí a bá lọ kí ènìyàn.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn èyí, Akínwálé wá sílé mi. Ó ń du ipò káńsílọ̀ lákòókò náà. Ó tẹ́ ìwé kan sórí tábìlì mi. Máàpù ni, tí wọ́n tẹ̀ jáde. Ìlà pupa kan gba àárín rẹ̀ kọjá, ó nípọn bí ìka ọwọ́, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí òkè pé ÀÀLÀ TUNTUN.

“Màmá, ẹ wo bí wọ́n ṣe fi fóònù jí ilẹ̀. Oko Bàbá Jímọ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ẹ wo ibi tí ìlà náà ti wú wọ inú oko rẹ̀.”

“Ta ló tẹ̀ ẹ́?”

“Ó ti wà lórí Wọ́tsáàpù gbogbo ènìyàn, mà. Ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè? Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé sí ìjọba. Ẹ̀yin náà lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kó ènìyàn jáde.”

Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, bí ọmọ bá kọ ìdáhùn láìfi bó ṣe rí i hàn mí, n kì í fún un ní máàkì. Lọ́jọ́ yẹn, mo gba ìdáhùn tí kò ní ìṣirò kankan lábẹ́. Ìfura tí mo ti ní tẹ́lẹ̀ ló bá mi gbà á. Mo sọ lọ́kàn mi pé, èmi náà kúkú mọ̀ pé ọ̀fẹ́ yẹn ní nǹkan nínú.

Mo kọ ìwé ẹ̀hónú náà ní ojú ewé méjì, mo sì kọ páálí tèmi: ILẸ̀ WA KÌ Í ṢE ERÉ FÓÒNÙ. Ní ọjọ́ Ajé, àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn àgbẹ̀, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ gba títì. Mo tò wọ́n ní méjì-méjì bí a ṣe máa ń ṣe nígbà ìyanṣẹ́lódì. Kò sí ẹni tó ju òkò, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ọjà ẹlòmíràn. Èyí dára, mi ò ní sọ pé kò dára.

Òṣìṣẹ́ ìjọba kan, ọkùnrin onídígí ojú, jáde sí wa láti inú ọ́fíìsì.

“Màmá, ẹ ní ẹ̀rí?”

Mo gbé ìwé náà sókè.

“Ta ló yà á?”

Níhìn-ín gan-an ló yẹ kí n ti dákẹ́. Mo ní, “Àwọn ọmọ tó ń rìn kiri ni. Rónkẹ́ ọmọ Ìfọ́n ni olórí wọn. Àárín wa níbí ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa, òun náà ló sì ń ya ilẹ̀ wa lẹ́yìn wa.”

Ariwo sọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n ń pè mí ní ìyá ìjà. Ìpàtẹ́wọ́ náà dùn mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín.

Kí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó jáde lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹni tó ni ilé-ìwé Rónkẹ́ ti ní kó kó ẹrù rẹ̀. Rónkẹ́ pè mí lórí fóònù.

“Mà, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ dárúkọ mi.”

“Èmi ni. Mo bi ọ́ pé ta ló rán yín, o ní gbogbo ènìyàn.”

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí máàpù náà lórí fóònù yín. Kò sí ààlà kankan lórí rẹ̀. Gbogbo ìlà ló ní ìtàn tirẹ̀, ẹni tó fà á àti ọjọ́ tó fà á. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ kà á.”

“Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ lẹ lè pa á rẹ́.”

“Kò ṣeé pa rẹ́, mà. Àwa gan-an ò lè pa á rẹ́.”

Mo gé fóònù náà. Mo rò ó pé ẹni tí ọwọ́ tẹ̀ ló ń wá ọ̀nà àbáyọ.

Ọjọ́ kẹta ni Bàbá Jímọ̀ gbé iṣu mẹ́ta wá láti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò mọ̀wé. Ó ní kí n fi ibi tí wọ́n ti gé oko òun hàn òun. Mo tẹ́ ìwé náà sílẹ̀, mo ní ṣọ́ọ̀ṣì wa rèé, kànga Oníṣin rèé. Ó fi ìka sórí ìlà pupa náà, ó ń tọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ìka rẹ̀ dúró.

“Màmá Tíṣà, ẹ̀yìn kajú mi lèyí.”

“Òun ni wọ́n gé lọ.”

“Rárá. Ẹ wò ó. Ó yà lẹ́bàá ahéré mi, ó gba ẹ̀yìn kajú, ó já síwájú. Èmi pẹ̀lú yín la rìn ín.” Ó tún tọ̀ ọ́ síwájú, ó tún dúró. “Ó yà níbí náà. Ilé Ìyá Sàláwà nìyí. Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde.” Ó gbójú sókè wò mí. “Màmá, ààlà wo ló ń yà lọ kí opó?”

Mo mú fóònù mi. Mo ṣí máàpù náà, mo tẹ ìlà Oníṣin bí ọmọ náà ṣe sọ. Kò pupa. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n pè é. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo rí ọjọ́ Sátidé yẹn àti orúkọ ẹni tó fà á: Tíṣà Ìlobù.

Orúkọ Rónkẹ́ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ kejì tí mo rìn ín ló ti kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: “Ó jọ pé àwọn tó rin ọ̀nà yìí yà kí àwọn ènìyàn. Àgbà ni wọ́n. Ẹ má tíì tún un ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè.” Kò bi mí léèrè. Ó ń wojú mi. Èmi tí mo kọ́ ọ pé a kì í já àgbà ní koro, ẹ̀kọ́ mi ni kò jẹ́ kó wá sọ fún mi pé mo ṣàṣìṣe. Ẹni tó wá kun ìlà mi ní pupa, tó sì sọ ọ́ di ààlà, orí ìwé ló ti ṣe é, níbi tí ìlà kì í ti í ní ìtàn.

Mo lọ bá Akínwálé. “Ta ló tẹ ìwé yìí?”

“Màmá, a ti kọjá ibẹ̀. Àwọn ènìyàn ti jáde, wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan. Ẹ má tú wa ká.”

“Mo bi ọ́ ní ìbéèrè.”

“Ẹ ti dàgbà, mà. Ẹ lọ sinmi.”

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí Ìfọ́n. Ìyá Rónkẹ́ ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Kò fún mi ní omi.

“Ẹ kú àbọ̀, Màmá Tíṣà. Ìwé yẹn dé ọ̀dọ̀ wa náà. Níhìn-ín, ilé Ìyá Sàláwà ni wọ́n rí, wọ́n ní Ìlobù ló fẹ́ gbà á, pé ọmọ mi ló ń bá yín gbé fóònù. Lọ́dọ̀ yín, wọ́n ní àwa ni. Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, ìlú wo gan-an ni ọmọ mi ń ṣe amí fún?”

Rónkẹ́ jáde láti inú yàrá. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún un, àmọ́ ó sáré kúnlẹ̀ ṣáájú mi, ó di apá mi mú.

“Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ má fi mí gba èpè.”

“Èmi ni mo fà á, Rónkẹ́. Mo ti kà á. Jọ̀ọ́, má bínú.”

Ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kò yẹ̀.

“Mo ti gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lẹ sọ ọ́ fún. Níwájú ọ́fíìsì lẹ ti sọ ọ́.”

Ó tọ́ mi sọ́nà. Mo kọ ìwé mìíràn, ojú ewé kan péré. Mo padà sí iwájú ọ́fíìsì yẹn lọ́jọ́ Ajé, ní wákàtí kan náà. Mo ti ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó bá mi rìn. Àwa mẹ́rin la dé ibẹ̀: èmi, Bàbá Jímọ̀, àti olùkọ́ méjì tó ti fẹ̀yìn tì. Mo ka ìwé mi sókè. Ọkùnrin onídígí náà gbọ́ ọ títí dé òpin, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wọlé. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́.

Ẹni tó ni ilé-ìwé kò gba Rónkẹ́ padà. Ó ní òun mọ̀ pé kò jẹ̀bi, pé àwọn òbí ni kò ní gbà. Òṣogbo ni Rónkẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gba Ìlobù kọjá mọ́.

Kó tó lọ, àwa méjèèjì tún ọ̀nà náà rìn, láti ṣọ́ọ̀ṣì dé kànga. Bàbá Jímọ̀ kí wa láti òkèèrè, mo kàn juwọ́ sí i. Mo ké sí Ìyá Sàláwà pé kó má bínú, pé mò ń wọn ọ̀nà ni, màá yà tí mo bá ń bọ̀. Ó ṣòro fún mi ju ìwọ́de lọ. Ìlà náà ti gún régé báyìí, àwọn nọ́ọ̀sì alábẹ́rẹ́ sì ti gbà á dé Oníṣin láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Èyí ni a rí jẹ nínú rẹ̀. Ohun tí a pàdánù pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ yòókù kò rìn mọ́, òfìfo tó wà láàrin ìlú méjèèjì lórí máàpù ṣì pọ̀. Akínwálé wọlé ìbò. N kò mọ ẹni tó tẹ ìwé pupa yẹn títí dòní. Mo ní ẹni tí mo fura sí, àmọ́ n kò ní ẹ̀rí, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni láìní ẹ̀rí mọ́.

Gbèsè tó kù lọ́rùn mi ni ti àwọn tó gbọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọn kò wá lọ́jọ́ kejì. Ibi yòówù kí wọ́n wà, Rónkẹ́ ṣì ń jẹ́ amí lẹ́nu wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí. Bí ẹ bá mọ ọ̀kan nínú wọn, ẹ bá mi kà á fún un.

Ìlà tí mo fà lákọ̀ọ́kọ́ ṣì wà nínú ìtàn máàpù náà, pẹ̀lú orúkọ mi. Rónkẹ́ ní bí mo bá ń tijú rẹ̀, òun lè bá mi yí orúkọ náà padà. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé kí ẹ má fura, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi náà ṣì ń fura sí ohun ọ̀fẹ́. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé, ẹ kọ́ ọ lára mi: kí ẹ tó gbé páálí, kí ẹ tó dárúkọ ọmọ ẹlòmíràn níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ tẹ ìlà náà, kí ẹ ka orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ orúkọ tiyín.